Oríkì Ìwé Ètò Cooldown, Apàṣẹ-Má-Ṣẹ

Ìwé ètò cooldown ni àtẹ tí olórí ẹgbẹ́ máa ń tò sílẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó kojú ọ̀gá ọ̀tá nínú géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ oníwòsàn kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, àti ọfọ̀ ńlá tó ní lọ́wọ́, àti ìṣẹ́jú àáyá gan-an tó gbọ́dọ̀ pè é. Cooldown fúnra rẹ̀ ni ìsinmi tí ọfọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń lọ lẹ́yìn tí a bá ti pè é. Títí ìsinmi náà yóò fi pé, bí oníwòsàn bá tẹ bọ́tìnnì títí ìka rẹ̀ fi bó, ọfọ̀ kò ní jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń pín ọfọ̀ sí àsìkò, òun náà ló sì gbé ìwé gorí ìtẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kì í:

Apàṣẹ-má-ṣẹ, ọba tí ìjòyè rẹ̀ kì í wò lójú.
Ajókòó-nílé-ka-ìṣẹ́jú-ogun.
Aláwọ̀ mẹ́tàlá tí kò fi ọ̀kankan gba ẹ̀mí là.
Ó pé lórí ìwé, ó dín lójú ìjà.
Ọmọ ìṣirò, ìyekan àwáwí.

Orírun ọba yìí kò fara sin. World of Warcraft jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, nígbà tó sì di oṣù kẹfà ọdún 2006, Naxxramas, ilé ogun kan nínú géèmù náà, ṣí, ibẹ̀ ni ọ̀gá ọ̀tá tó ń jẹ́ Loatheb ń gbé. Ogójì ènìyàn ló ń kóra jọ lọ bá a nígbà náà, àmọ́ ó ní èèwọ̀ kan: oníwòsàn tó bá ti pe ọfọ̀ ìwòsàn kan ṣoṣo kò lè pe òmíràn títí ìṣẹ́jú kan yóò fi pé. Bí oníwòsàn bá jẹ́ 12, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 5 ni ìwòsàn lè wáyé, ìyẹn bí ẹnikẹ́ni kò bá já ìlà. Wọ́n to orúkọ, wọ́n fún oníkálukú ní nọ́ńbà; ẹni kìíní pè, ẹni kejì pè, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ìwé jọba gidi nígbà yẹn, torí pé géèmù fúnra rẹ̀ ló bá a di aláìgbọràn lẹ́nu. Lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ọ̀tá tí kò ní irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀, adé ló kù lórí rẹ̀, àṣẹ ti lọ.

Àwọn ìjòyè rẹ̀, ìyẹn oríṣi oníwòsàn inú World of Warcraft, lóókọ, oníkálukú sì ní ọfọ̀ ńlá tirẹ̀. Druid ló ni Tranquility, priest ló ni Divine Hymn, paladin ló ni Aura Mastery. Ti shaman ni Spirit Link Totem, tó ń kó ẹ̀mí gbogbo ẹni tó dúró sí sàkáání rẹ̀ pọ̀, tó sì ń pín in ní dọ́gbadọ́gba. Ìṣẹ́jú 3 ni ìsinmi ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọfọ̀ yìí, àfi tí ẹ̀bùn kan bá dín in kù. Láti ọdún 2014, ogún ènìyàn ló ń ja ìjà ìpele Mythic, èyí tó le jù lọ nínú géèmù náà, oníwòsàn sì sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin nínú wọn. Nínú Final Fantasy XIV, tí ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, oníwòsàn méjì péré ló wà, ìwé sì ń jọba lé àwọn náà lórí. Nínú géèmù méjèèjì, ọ̀gá ọ̀tá ní àsìkò tó ń fi ìyà ńlá balẹ̀, kì í sábà yẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ògo ìwé ètò ni pé lábẹ́ ìjọba rẹ̀, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ ń pa ogún abarapá.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Bí ìjà kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú 8, tí ìyà sì ń balẹ̀ ní ìparí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìwé á fún druid ní ìyà 1, 4 àti 7. Priest á gba 2, 5 àti 8. Paladin á gba 3 àti 6. Gbogbo rẹ̀ ti pé. Shaman kò ní iṣẹ́, pàjáwìrì nìkan ni wọ́n fi í sí. Lórí ìwé, ikú ti tán. Ìjà bẹ̀rẹ̀, ìyà kìíní balẹ̀, ẹ̀mí gbogbo ènìyàn já wálẹ̀ sí ìdajì. Druid pe Tranquility bí ìwé ṣe wí. Àyà priest já, òun náà pe Divine Hymn. Shaman rí i pé ẹni méjì ti pè, ó ní pàjáwìrì dé nìyẹn, ó ri Spirit Link Totem mọ́lẹ̀. Ọfọ̀ mẹ́ta da lé ọgbẹ́ kan, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì bọ́ sórí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ti kún. Ní ìṣẹ́jú kejì, paladin nìkan ló kù, ó lo tirẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹta, ọfọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sinmi lọ́wọ́, ìyà balẹ̀, gbogbo ọmọ ogun bá wọn sinmi. Ọ̀gá ọ̀tá kò dá àrà tuntun kankan. Òun nìkan ló tẹ̀ lé ìwé.

Ọba yìí kò ṣàìní akéde, ìyẹn àwọn irinṣẹ́ àfikún inú géèmù. Deadly Boss Mods àti BigWigs ń ké pé ìyà ń bọ̀. Method Raid Tools ń gbé àtẹ síwájú ojú oníkálukú. WeakAuras náà máa ń pariwo orúkọ ẹni tó kàn tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ariwo yìí, ẹni tó kàn á ṣì béèrè pé, "Ṣé èmi ni?" Ní ọdún 2025, Blizzard tó ni World of Warcraft kéde pé àwọn máa dín agbára irú àwọn irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kù lójú ìjà, ẹjọ́ wá di ti akéde, ìwé sì wà níbẹ̀ láìlẹ́bi.

Akaṣẹ́jú-má-ka-iná-ọba, bí ìjọba rẹ̀ bá dé gúúsù Èkìtì, oyè mìíràn nìyẹn. World of Warcraft kò ní sáfà ní Áfíríkà, ti Yúróòpù ni oníwòsàn tó bá jókòó sí Ìkẹ́rẹ́ tàbí Emùré máa sábà lò. Aago mẹ́jọ alẹ́ sáfà náà ni aago mẹ́jọ Ìkẹ́rẹ́ lásìkò ọyẹ́; láti ìparí oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n á ti aago tiwọn síwájú, ó sì di aago méje níhìn-ín. Ìwé mọ gbogbo ìyẹn, ó ṣírò rẹ̀ pérépéré. Kò sí òpó kankan nínú rẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí kò dáhùn.

Ní Ìkẹ́rẹ́ yìí kan náà, oríkì gidi máa ń pẹ́ láyé: Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba ìlú náà, ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum dòní. Nǹkan bí 1938 ni Ọlọ́wẹ̀ kú. Ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ki oríkì rẹ̀ fún John Pemberton, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Ìwé ètò cooldown kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ ní aago mẹ́jọ, wọ́n ti pa á rẹ́ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, wọ́n sì ti fi ọlá kan náà kọ òmíràn.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá ti kú, wọ́n á ṣí Warcraft Logs, níbi tí gbogbo ọfọ̀ tí a pè ti wà pẹ̀lú àsìkò rẹ̀, wọ́n á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Níbẹ̀ ni orúkọ ẹni tí àyà rẹ̀ já á ti hàn kedere. Ìwé ètò cooldown kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa bá wí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Tí ọ̀gá ọ̀tá bá sì wá kú lọ́jọ́ tí kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé ìwé, kò sẹ́ni tó máa ṣí nǹkan kan wò.