Jákẹ́ẹ̀tì Ta Ni Ìyàwó Díákónì Wọ̀ Gun Òkè Ìdànrè?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi o. Èmi kì í ṣe olófòófó. Ata ni mo ń tà ní Ofosu, lẹ́bàá títì tó ti Benin wá sí Òrè, ẹni tó bá sì ń jókòó sẹ́bàá títì láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú, ojú rẹ̀ á rí nǹkan.

Ọyẹ́ ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa tó bá mú: ètè á máa là, ẹsẹ̀ á funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ ẹfun mọ́lẹ̀, kùrukùru á bo igbó débi pé o ò ní rí ọkọ̀ àjàgbé títí á fi dé iwájú ẹ. Àwọn ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ mọ àṣírí báèlì aṣọ àlòkù. Atẹ́gùn tó ń gbá ẹni láyà lórí ọ̀kadà ní aago márùn-ún ìdájí, súwẹ́tà ò ká a. Jákẹ́ẹ̀tì tó wú bí ìrọ̀rí, tí àwọn òyìnbó ń wọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ yọ̀ gẹ̀rẹ̀ láti orí òkè lórí yìnyín, òun ló ká a. Síkì ni wọ́n ń pe eré yẹn. Tẹ́lẹ̀, obìnrin tó ń ta bọ́síkọ́nà lọ́jà wa kì í fẹ́ fowó sórí irú báèlì bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń tà. Ní báyìí, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ já báèlì ẹ̀wù òtútù, wọ́n á ti kún ẹnu ìsọ̀ rẹ̀ kí ládàánì tó pe ìrun.

Kí n tó lọ jìnnà: aṣọ àlòkù wà nínú ìwé àwọn ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kò gbọdọ̀ wọ Nàìjíríà. Kútọnu ni ọ̀pọ̀ ń gbà wọlé, lójú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ tí a ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó dáa, ọlọ́kadà ń wá oúnjẹ òòjọ́, mi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa? Àwọn tó ń wọ aṣọ funfun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi? Ṣé ẹrù fàyàwọ́ ló yẹ kí wọ́n máa fi ṣe fàájì? Mo kàn ń bèèrè ni.

Ọmọbìnrin kan nínú wọn ló kó ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ ẹ̀wù òtútù dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ní Denver, ní Amẹ́ríkà, níbi tí òkè oníyìnyín ò ti jìnnà sí ìgboro. Ẹ̀gbọ́n yìí ló sọ fún un lórí WhatsApp pé lọ́dọ̀ àwọn, kí òtútù tó wọlé tán, wọ́n máa ń ná ọjà kan nínú gbọ̀ngàn: ẹni tí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ti ju bàtà èṣí lọ á gbé e wá, á sì wá èyí tó gba ẹsẹ̀ ọmọ náà mú lọ. Òmíràn á ta tirẹ̀, òmíràn á ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn míì á wá so ìrìn àjò mọ́ ọn: Sátidé, ọjà, Sọ́ńdè, òkè. Ó ní ọlọ́gbọ́n kì í mú akoto àlòkù níbẹ̀, torí èyí tó bá ti gbá nǹkan rí ò ṣeé gbára lé mọ́, bí ojú rẹ̀ bá tilẹ̀ ń dán. Ó ní bàtà síkì náà, ike líle ni. Tó bá ti pẹ́ jù, ó lè fọ́ mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀ láàárín òkè. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn yẹn ní orí àti ìdí.

Tiwa wá ń kọ́? Yìnyín ò sí, síkì ò sí. Igbó àti kòkó la ní. Ni wọ́n bá fojú sí Òkè Ìdànrè. Ẹ gbọ́ ètò tí wọ́n ṣe, kí ẹ di orí yín mú. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, pàṣípààrọ̀ ẹ̀wù òtútù lẹ́yìn ilé ìwé. Ìdájí Ẹtì, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n á gba Òrè, wọ́n á gba Oǹdó, wọ́n á kan Àkúrẹ́, kí wọ́n tó wá yà sí Ìdànrè. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni àwa àti Ìdànrè jọ wà o! Wọ́n á sùn síbẹ̀ lálẹ́ Ẹtì. Wọ́n á tún sùn síbẹ̀ lálẹ́ Sátidé.

Òru méjì! Takọtabo! Wọ́n ní àdúrà orí òkè ni àwọn ń lọ gbà. Àdúrà wo ló ń lo góógù síkì?

Mo sọ̀rọ̀, mi ò pa á mọ́ra. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn rí nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Màámi, ayé ti kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ń ṣe eré yìnyín. Ní 2018, Ṣeun Adigun àti àwọn obìnrin méjì míì gbé ọkọ̀ yìnyín lọ sí Òlíńpíìkì ní PyeongChang ní Kòríà, inú gáréèjì rẹ̀ ní Houston ló sì ti fi pákó kan èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi dánra wò. Ọdún yẹn kan náà ni Simidele Adeagbo da ojú bolẹ̀, tó forí ṣáájú, tó ń sáré lọ lórí yìnyín. Nígbà tó di 2022, Samuel Ikpefan fi síkì sáré fún wa ní Beijing." Mo ní ó kú ìwé kíkà. Mo ní ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó dárúkọ yìí, èwo ló ní kí ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin lọ sùn sí Ìdànrè? Ó ní òun ń bọ̀, ìyá òun ń pe òun.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo lọ. Kí n lè fi ojú ara mi rí i ni, torí mi ò fẹ́ràn àgbọ́sọ. Wọ́n tẹ́ ẹní mẹ́ta sílẹ̀, wọ́n kó ẹrù lé e: jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, òmíràn tí ìyẹ́ ń yọ ní ìgúnpá rẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n tu láàbọ̀, ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé itan, ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan tí kò ní ìkejì. Òfin wọn ni pé mú ọ̀kan wá, kí o mú ọ̀kan lọ, owó kò gbọdọ̀ bá a lọ. Níbẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá tó ń ra kòkó ti gbé jákẹ́ẹ̀tì ọ̀gá rẹ̀ kalẹ̀, aláwọ̀ aró tó ní ìlà funfun léjìká. Gbogbo Ofosu ló mọ jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Tó bá ti yọ nídìí ìwọ̀n kòkó lówùúrọ̀, àwọn àgbẹ̀ á ti mọ̀ pé owó dé.

Ìyàwó díákónì ló mú un. Kí ni òun fi sílẹ̀? Súwẹ́tà ọmọdé tó ti ṣá.

Mo wò yí ká bóyá ẹlòmíràn rí ohun tí mo rí. Wọ́n rí i. Ìyá oníṣu fi ìgúnpá gbún mi, ó ní, "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú." Èmi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ní súwẹ́tà ọmọdé fún jákẹ́ẹ̀tì olówó kòkó, pàṣípààrọ̀ yẹn pọ̀.

Wọ́n lọ. Ẹni tó bá wọn lọ ló ròyìn fún mi, mi ò fi ọ̀kan kún un. Òkè yẹn kì í ṣe ibi eré, UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi tó ń retí orúkọ ogún àgbáyé láti 2007. Orí rẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ ìlú dó sísàlẹ̀ láyé òyìnbó, ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600; iye gan-an ò dọ́gba lẹ́nu ẹnikẹ́ni, torí kí ènìyàn tó dé òkè, òǹkà á ti dàrú mọ́ ọn lórí. Àwọn akọrin wa gbéra láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ẹ̀wù wíwú, ìbọ̀wọ́ àti góógù. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, ọyẹ́ ti ká, oòrùn ti yọ. Ibi ìsinmi àkọ́kọ́, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́. Ibi ìsinmi kejì, wọ́n bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Olórí akọrin tó kọ̀ tí kò bọ́ góógù fẹsẹ̀ kọ, ó fi orúnkún kan àtẹ̀gùn. Àwọn ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọbìnrin gbé ẹ̀wù. Ta ló ń gbé ti ta? Nígbà tí wọ́n máa sọ̀kalẹ̀, ẹ̀wù tí oníkálukú wọ̀ kì í ṣe èyí tó wọ̀ gòkè.

Èyí tó wá burú jù ni ti ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ẹ mọ̀ pé ojú ẹsẹ̀ kan wà lórí àpáta níbẹ̀, tí wọ́n ní ó máa ń gba ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn, kékeré àti ńlá, àyàfi àjẹ́. Gbogbo wọn bọ́ bàtà, wọ́n fẹsẹ̀ sí i, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Denver ní òun ò ní bọ́ bàtà. Ó ní bàtà òtútù òun le, ó ní okùn púpọ̀. Okùn! Àwọn tó wà níbẹ̀ dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni méjì ti kúrò ní ìlà tó ń jókòó sí nínú ẹgbẹ́ akọrin. Èmi ò pe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan o. Bàtà náà le lóòótọ́, mo ti rí i.

Ilé ni ẹjọ́ wá bẹ́. Ìyàwó díákónì sá jákẹ́ẹ̀tì sórí okùn nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Díákónì rìn kọjá, ó rí ìwé pélébé kan tí wọ́n fi wáyà tín-ínrín so mọ́ ẹnu síìpù, lábẹ́ aṣọ tó bò ó. Ó kà á, kò yé e. Kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun kan ṣoṣo tó yé e ni déètì: ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì.

Ọjọ́ olólùfẹ́! Ariwo sọ. Wọ́n ní rìsíìtì hòtẹ́ẹ̀lì ni. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin ará Kútọnu kan tó ń ṣiṣẹ́ lóko kòkó, torí ó gbọ́ Faransé. Ọmọ náà kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní "forfait" ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé ìwé tí àwọn òyìnbó ń fowó rà ni, kí àga tó ń rìn lórí wáyà lè gbé wọn gun òkè síkì. Ó ní ti ọjọ́ kan péré ni. Ó ní ọdún tó wà lára rẹ̀ ni 2009.

Ní 2009, ìyàwó díákónì ṣì ń wọ aṣọ ilé ìwé girama. Olùkọ́ kan tó wà níbẹ̀ ṣírò rẹ̀ síta kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìyá oníṣu ní ta ló rí àga tó ń rìn lórí wáyà rí, pé àwọn ará Kútọnu mọ irọ́ pa, àti pé ẹni tó ti gun òkè kan lọ́jọ́ olólùfẹ́ ni yóò mọ ọ̀nà òkè kejì. Èmi ò dá sí i. Mo kàn bèèrè pé kí ló dé tí ọ̀gá oníkòkó ò tíì wá béèrè ẹ̀wù rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, mo ń to ata mi. Òtútù yẹn kì í ṣe kékeré. Ọ̀kadà kan yọ láti inú kùrukùru, díákónì ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ aró ló wọ̀. Ó fà á dé àgbọ̀n, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ìwé pélébé náà sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láyà rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìdájí, sà." Ó ní, "Ẹ kú ọjà, mà." Ó wo ìsàlẹ̀. Mo rántí pé mo ti káṣọ ìró mi sókè díẹ̀ kí n lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣòkòtò síkì tí mo mú lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn sì pupa fòò, ó tún ní ìràwọ̀ kan lórúnkún.