Mẹ́jọ Tó Di Ẹjọ́

Ní báńkì Wells Fargo l'Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nígbà kan ni pé kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan gba ọjà mẹ́jọ: àkáǹtì, káàdì, ẹ̀yáwó, kó ṣáà ti pé mẹ́jọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́jọ? Ọ̀gá àgbà wọn, John Stumpf, dáhùn nínú ìròyìn ọdún 2010 pé nítorí pé eight bá great dún pọ̀ ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn bàbá wa náà fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò pé ọkàn àwọn fà sí èèyàn. Àmọ́ wọn ò fi lé ẹnikẹ́ni kúrò níbi iṣẹ́.

Ní Wells Fargo, ojoojúmọ́ ni ọ̀gá ń bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ pé, "Mélòó lo tà?" Ìyá àgbà tó wá gba owó ìfẹ̀yìntì, kí ni yóò fi ọjà mẹ́jọ ṣe? Òṣìṣẹ́ tó ń ro owó ilé ò jiyàn; ó ṣí àkáǹtì fún màmá láìjẹ́ kó mọ̀. Àwọn kan tiẹ̀ dá ímeèlì sílẹ̀ lórúkọ oníbàárà, ọ̀fẹ́ ni. Lórí ìwé, iṣẹ́ ń lọ geere.

Ní 2016, ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là já lé báńkì lórí. Òṣìṣẹ́ bíi 5,300 ti gbàwé "máa lọ sílé", Stumpf náà sì fipò sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ká ní ọmọ Yorùbá kan wà níbi tí wọ́n ti ń yan nọ́ńbà ni, ì bá ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹ̀jọ àti ẹjọ́, ohùn nìkan ló yà wọ́n.