Ẹnu Tí Ẹ Ò Bọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù wa, láti Ìjurìn dé Ìjerò, láti Àrámọkọ títí wọ Ẹ̀fọ̀n: "Wọ́n ti ra akọ̀ròyìn yẹn!" Ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀wé nípa Shooting Stars Ìbàdàn, tó yin alága, tó sì gbójú fo góòlù mẹ́ta tí wọ́n gbá sáwọ̀n wọn, wọ́n ti rà á nìyẹn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹni tó ń pariwo ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò fi kọ́bọ̀ ra ìwé ìròyìn eré ìdárayá rí ló ń bínú pé ẹlòmíràn ra ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tí ọjà wà lórí àtẹ tó ń pe oníbàárà, ṣebí òun náà ló kọjá lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò rí i?

Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì: ẹni tó bá jẹ oúnjẹ ẹni, ó ṣòro kó kojú sí ni kó sọ òkò ọ̀rọ̀. Òwe yìí ni àwọn baba wa fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń jẹun kiri. Èmi fẹ́ fi bá ẹni tí kì í bu oúnjẹ fúnni wí. Shooting Stars, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń bọ́ ọ. Ekiti Queens tiwa, ìjọba Èkìtì ni. Agbábọ́ọ̀lù ń jẹ níbẹ̀, kóòṣì ń jẹ níbẹ̀, àwọn alátìlẹyìn tó ń lùlù tó ń fun fèrè náà mọ ẹni tí wọ́n máa ń bẹ̀ fún ọkọ̀ àti owó epo. Akọ̀ròyìn nìkan lẹ ní kó gbààwẹ̀. Kó gbààwẹ̀, kó fowó ara rẹ̀ wọkọ̀ lọ síbi ìdíje, kó ra dátà, kó sì wá ṣàlàyé fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ bí owó oṣù agbábọ́ọ̀lù bá pẹ́, ta ló jókòó lé e. Èyí tẹ́ ẹ ń wá yìí, akọ̀ròyìn kọ́, wòlíì ni.

Ẹ ó ní kò sówó nílùú. Ẹ jẹ́ ká yà nílé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Pátákó dúdú wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fẹfun kọ ARSENAL àti CHELSEA sí i gàdàgbà. Owó ìwọlé wà nísàlẹ̀, wọ́n sì fa ìlà méjì sídìí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ná an. Wọ́n ń san án. Jẹ́sì wà lọ́rùn wọn. Ayédèrú ni, àmọ́ owó tí wọ́n fi rà á kì í ṣe ayédèrú. Tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀tì wà lápò àyà: géèmù méjìlá, mọ́kànlá á wọlé, ọ̀kan á já gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì tún ta òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fún ìyẹn, owó wà. Fún ìwé pélébé tó ń sọ bí àwọn ọmọbìnrin Ekiti Queens ti ṣe nínú líìgì, ayé ti le, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn yìí o. Ẹni tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí wọ́n fìyà jẹ ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló le.

Báwo wá ni àwọn tó bí Arsenal gan-an ṣe ń ṣe é? Láti 1987 ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ti ń tẹ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní The Gooner, tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn tà á níta pápá lọ́jọ́ ìdíje. Ní 2002, Andrew Mangan bẹ̀rẹ̀ Arseblog, àwọn òǹkàwé rẹ̀ sì ń dáwó jọ kó lè máa kọ ọ́ nìṣó. Nígbà tí Arsenal àti ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún mìíràn kéde ní April 18, 2021 pé àwọn ń lọ dá líìgì tiwọn, Super League, sílẹ̀, irú àwọn bẹ́ẹ̀ lè bú ẹni tó ni ẹgbẹ́ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí òkèlè rẹ̀ kankan kò sí lẹ́nu wọn. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, gbogbo wọn ti sá padà. Ìwé nìkan kọ́ ló lé wọn; èrò tó dínà níwájú Stamford Bridge, pápá Chelsea, náà ṣe tirẹ̀. Ẹni tiwa tó ń ka Arseblog lóròòwúrọ̀ láìsan kọ́bọ̀ wá ńkọ́? Ó ń jẹ nínú àwo àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ yìí wá, ojú ò sì tì í.

Àwọn kan á ní Yorùbá kì í fowó kàwé. Ẹ wo Aláròyé, ìwé ìròyìn Yorùbá: ó jáde ní 1985, kò tọ́jọ́. Nígbà tó fi máa di 1996, ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ ló sì gbé e dúró. Àtakò tó lágbára ju ìyẹn lọ ni pé bí òǹkàwé bá bọ́ akọ̀ròyìn, ojú òǹkàwé náà ni yóò máa tì í, yóò sì di ẹni tó ń pọ́n yín lé. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkèlè ẹgbẹ̀rin èèyàn kò jọ ti ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan nínú yín bá bínú tó kó tirẹ̀ kúrò, ebi ò ní pa á kú; bí gómìnà bá kó tirẹ̀, ó parí. Àti pé ẹ̀yin gan-an kì í fẹnu kò: ìdajì yín fẹ́ kí wọ́n lé kóòṣì, ìdajì fẹ́ kó dúró. Ta ló fẹ́ pọ́n irú yín lé?

Ní 1976, Shooting Stars gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1992, wọ́n tún gba òmíràn. Ọmọ tó ń gbé jẹ́sì Arsenal kọ́rùn ní Ìjerò lónìí mọ ọdún tí Thierry Henry dé sí Highbury, kò mọ Muda Lawal tó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars. Ẹ má wulẹ̀ bá a wí, kò síbi tó ti máa kà á. Ẹ kàn fi bẹ́ẹ̀tì Sátidé kan sílẹ̀ lóṣù, ẹ fowó rẹ̀ ra ìwé ẹni tó fẹ́ kọ ọ́. Géèmù kejìlá yẹn ì bá kúkú já náà ni.