Bọ̀ọ̀dá Spec

Kò sí àdúgbò tí kò ní Bọ̀ọ̀dá Spec tirẹ̀. Bí ẹ bá wọ Computer Village ní Ìkẹjà lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ogójì ọdún, tó di páálí mọ́dàbọ́ọ̀dù mú, tí kò fẹ́ dá a padà, tí kò sì fẹ́ sanwó rẹ̀, òun náà nìyẹn. Ó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Yóò wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó ọkọ̀ tó ti ná láti Ìpájà sí òpópónà Otigba ti tó ra RAM kan.

"Ẹ̀gbọ́n wa! Ṣé a máa rí owó yín lónìí, àbí ìbéèrè náà lẹ tún gbé wá?"

"Àbúrò, dá mi lóhùn. Mọ́dàbọ́ọ̀dù yìí, AM4 ni àbí AM5?"

"Ẹ̀gbọ́n, original ni."

Ẹ má rò pé Bọ̀ọ̀dá kàn ń da ọmọ ọlọ́mọ láàmú o. Prọ́sẹ́sọ̀ AMD tí wọ́n ṣe fún ihò AM4 kò lè wọ AM5. RAM DDR4 kò wọ ojú DDR5, nítorí ibi tí wọ́n gé lára wọn kò dọ́gba. Ẹni tó bá fi tipátipá tì í yóò kán nǹkan olówó ńlá. Power pack tí wáàtì rẹ̀ kò tó lè pa kọ̀ǹpútà lójijì, àgàgà nígbà tí eré bá wọra. Gbogbo èyí ló mọ̀ dunjú, yóò sì là á yé yín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ bi í o, ẹ ò bi í o. Ohun tí kò tíì yé òun fúnra rẹ̀ ni ohun tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà náà ṣe.

Nítorí àwọn géèmù tó ń gbá, èyí tó kéré jù nínú wọn ti tó gba káàdì ìdìbò. Prince of Persia ti Jordan Mechner wà níbẹ̀, ti 1989, níbi tí a ti ń fi ìṣẹ́jú 60 wá ọmọbìnrin ọba tí wọ́n tì mọ́lé. DOOM ti 1993 wà níbẹ̀, tí kọ̀ǹpútà 386 tó ní RAM mẹ́gábáìtì 4 lè gbé. Ṣùgbọ́n àyànfẹ́ Bọ̀ọ̀dá ni Championship Manager 01/02. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, géèmù bọ́ọ̀lù ni, àmọ́ ẹ kò ní rí bọ́ọ̀lù kankan níbẹ̀: ọ̀rọ̀ ló ń kọjá lójú kọ̀ǹpútà, pé lágbájá gbá a, pé làkáṣègbè mú un, ẹ̀yin lẹ ó fi ọkàn yín ya àwòrán tó kù. Ibẹ̀ ni Tonton Zola Moukoko, ọmọdékùnrin inú Derby County, ti di akọni tí gbogbo ayé ń dù láti rà. Lórí pápá gidi, kò rí bẹ́ẹ̀ fún un.

Kí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lè hàn dáadáa, Bọ̀ọ̀dá ra RTX 4090. Mẹ́mọ́rì gígábáìtì 24 ló wà lórí káàdì yẹn, ó sì lè jẹ wáàtì 450 lóun nìkan. Owó àjọ ló kọ́kọ́ kó lé e, kò tó. Ó lọ yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ ohun tó fẹ́ fowó ṣe, ó kọ "àtúnṣe ilé". Kò kúkú parọ́ tán: wọ́n tún ògiri yàrá kan kùn, kí iná aláwọ̀ mèremère tó ń tàn nínú àpótí kọ̀ǹpútà náà lè yọ dáadáa.

Jẹnẹrétọ̀ I-Better-Pass-My-Neighbour ẹ̀yìnkùlé wọn, tó ti ń gbé tẹlifíṣàn àti fáànù méjì láìráhùn, gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó ké, ó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n kó àdúgbò náà sí Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná jù, ní 2024, ọdún tí owó iná wọn di ₦225 fún kílówáàtì wákàtí kan, Bọ̀ọ̀dá jó. Ìyàwó rẹ̀ kò jó. Òun ló ń ra káàdì iná.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ibi tó dùn. Agbára kọ̀ǹpútà yìí gan-an ni géèmù àtijọ́ kò fẹ́. Kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde ní 1981 ń sáré ní megahertz 4.77, ọ̀pọ̀ tó ń kọ géèmù nígbà náà sì fi eré rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Nígbà tí ẹ̀rọ tó yára jù ú lọ dé, ọ̀tá á ti pa yín kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi bọ́tìnì kan síwájú kọ̀ǹpútà láyé ìgbà náà, tí wọ́n ń pè ní Turbo, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú kí ẹ̀rọ lè rọra ṣe. (Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn mọ ọjà tà.) Lóde òní, Windows 64-bit kì í gba ètò 16-bit wọlé rárá, DOSBox, tó ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2002, ló ń díbọ́n pé òun ni ẹ̀rọ àtijọ́, a sì máa ń tẹ Ctrl àti F11 kó lè túbọ̀ falẹ̀. GTA San Andreas, tó dé orí kọ̀ǹpútà ní 2005, pàápàá ní ìjánu tó ń dín iye àwòrán kù. Ẹni tó bá tú ìjánu náà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ alágbára, Carl Johnson kò ní lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Yóò máa japá nínú omi, bóyá ni yóò kúrò lójú kan.

Báyìí ni ọkùnrin tó kó mílíọ̀nù lé ìyára ṣe ń fi òru wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò fi falẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní aago méjì òru, kò sùn. Ó ń tẹ F11.

Ọ̀rọ̀ CD géèmù tún wà níbẹ̀. Àpótí tuntun onígíláàsì kò ní ojú CD. Wọ́n sì ní láti Windows 10 ni Microsoft kò ti gba SafeDisc mọ́, àgádágodo tí wọ́n fi ń dáàbò bo CD géèmù láyé ọjọ́un. Èyí kò kan Bọ̀ọ̀dá, ká má tan ara wa. Abẹ́ bíríìjì ló ti ra CD tirẹ̀, àwọn tó tà á fún un sì ti já àgádágodo náà tipẹ́.

Ibi tó ti léwu fún ará àdúgbò, àwọn tó ń pe Bọ̀ọ̀dá ní Bàbá Tòmíwá, ni ìmọ̀ràn.

"Bàbá Tòmíwá, ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà wo ni mo lè rà fún àwọn ọmọ yìí? JAMB ni wọ́n fẹ́ fi gbára dì."

"Ìyá Ìbejì, tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má ra èyí tí RAM rẹ̀ kò pé 32. Kó sì jẹ́ èyí tí omi ń tù lára, nítorí ooru Èkó."

"Omi kẹ̀? Nínú kọ̀ǹpútà?"

"Omi ni o. Inú rọ́bà ló ń gbà yípo."

"Ẹ ṣeun o, Bàbá Tòmíwá."

Láàpútọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ni Ìyá Ìbejì lọ rà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. id Software, tó ṣe DOOM, ti fi kóòdù rẹ̀ síta láti 1997, ẹ̀rọ tí kò lè gbé e ti ṣọ̀wọ́n. Àwọn Ìbejì ti fi DOOM sórí láàpútọ́ọ̀pù náà, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí rẹ̀. Táíwò wá bi Bọ̀ọ̀dá bí wọ́n ṣe ń kọjá ibì kan ní apá kẹta. Ó ní òun kò tíì débẹ̀, pé kíbọ́ọ̀dù tó yẹ kí wọ́n fi gbá a ṣì ń bọ̀ láti China.

Ní báyìí, ó ti rí ojútùú. Ẹ̀rọ àtijọ́ gan-an ló yẹ fún géèmù àtijọ́: Pentium III, Windows 98, káàdì 3dfx Voodoo. Nvidia ti ra ohun ìní 3dfx láti òpin ọdún 2000, ẹni tó bá ní káàdì náà lónìí kì í tà á lówó pọ́ọ́kú. Bọ̀ọ̀dá ní ọ̀kan rí. Ó tà á fún àwọn oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, pẹ̀lú bátìrì ọkọ̀ àti irin fáànù kan. Sátidé tó kọjá, ó padà sí Otigba.

"Ẹ̀gbọ́n, Pentium III kẹ̀? Ká ní ẹ wá lọ́dún tó lọ ni, à bá fi tọrẹ fún yín." Ọmọ náà wọ abẹ́ kántà, ó wọ́ ẹ̀rọ kan jáde tí eruku bò.

Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu eruku, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì yà sílẹ̀. "Power pack rẹ̀ ńkọ́, àbúrò? Wáàtì mélòó?"

Ọmọ ọjà wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lé owó tó ti fẹ́ pè.