Èèyàn Laṣọ Mi, Dígí Kọ́

"Èèyàn laṣọ mi," làwọn àgbà wí. Lọ́dún 1998, Larry Page àti Sergey Brin, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, fi òwe yìí ṣe ẹ̀rọ láì gbọ́ Yorùbá: ìkànnì tí àwọn ẹlòmíì bá ń fi líǹkì júwe ni ẹ̀rọ ìwárí wọn, Google, yóò kà sí ẹni iyì. Bí ẹni tó júwe rẹ bá níyì, tìrẹ á lé sí i.

Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ń fèrò díwọ̀n iyì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń háyà èrò.

Ẹ wo àbúrò kan tó ń ta aṣọ òkè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan tún dojú kodò. Kàkà kó ya òmíì, kó ṣàlàyé ìyàtọ̀ sányán sí ẹ̀tù, fíìdì ló dì mú. Fíìdì yìí, RSS, ti wà láti 1999 tí Netscape ti gbé e jáde. Iṣẹ́ akéde ló ń ṣe: kí òǹkàwé lè mọ̀ pé nǹkan tuntun dé, láì máa wá kanlẹ̀kùn lójoojúmọ́. Àbúrò ò wá òǹkàwé ní tiẹ̀. Ó fi fíìdì sílẹ̀ ní àádọ́ta ìkànnì akójọ, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gba ohunkóhun tó bá sáà ti wọlé, tó ń tún un gbé jáde tòun ti líǹkì.

"Ẹ̀gbọ́n, àádọ́ta ibi ni wọ́n ti ń dárúkọ mi!"

"Ta ló ń dárúkọ rẹ?"

Ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀, kò fèsì.

Google náà ti béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹrin 2012, ó tú Penguin, ètò tó ń yẹ líǹkì wò, sílẹ̀, ìkànnì tó fi ayédèrú líǹkì gòkè sì ń já bọ́ bí èso tó rà. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje 2013, Google Reader, níbi tí ojúlówó èèyàn ti ń ka fíìdì, kógbá sílé. Àwọn onílíǹkì ò tiẹ̀ fura pé òǹkàwé ti lọ. Wọ́n ṣì ń fi fíìdì sílẹ̀ ní ìkànnì akójọ.

Èèyàn làwọn àgbà pè láṣọ. Ìkànnì tó kàn ń tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, dígí ni, dígí ò sì láṣọ tó lè yáni. Ohun tó o bá wọ̀ wá lòun náà ń wọ̀. Ẹni tó wà níhòòhò tó lọ dúró láàárín àádọ́ta dígí, ìhòòhò kan ló sọ di mọ́kànléláàádọ́ta.