Ẹ̀gùn Olówó Gọbọi

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta kí inú má baà bẹ́ mi. Ọmọ ọmọ ọdẹ ni mí o! Bàbá tó bí bàbá mi, lápá Ṣakí, àdá kan àti ìtàkùn ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀gùn. Wọ́n á gé igi gbọọrọ mẹ́rin márùn-ún, wọ́n á dè é síbi tí ẹ̀ka igi ti yà, wọ́n á gun orí rẹ̀ lọ jókòó títí ẹran yóò fi wá mumi. Ìbọn á dún, ọbẹ̀ á dùn, ó tán. Ẹnikẹ́ni ò bi bàbá yẹn pé kí ni wọ́n tẹ̀wọ̀n. Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n kàwé kí wọ́n tó fìdí lé igi.

Èmi wá dé ìpínlẹ̀ Jọ́jíà ní Amẹ́ríkà, mo ní kí n ṣe bíi ti baba mi. Mo ní kí n ra ẹ̀gùn kékeré kan, èyí tí wọ́n ń fi okùn so mọ́ ara igi: ìjókòó pẹlẹbẹ kan, pèpéle kan lábẹ́ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ yóò máa tẹ̀. Ohun tí mo béèrè kò jùyẹn lọ! Mi ò béèrè ilé ní Lẹ́kì. Ibi tí màá gbé ìdí lé kí n fi rí àgbọ̀nrín onírù funfun kan ṣoṣo pa ni mo ní kí ayé fún mi. Ẹ wá wo ohun tí ayé fi ojú mi rí.

Ìjọba ló kọ́kọ́ gbá mi mú. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1961, àfi kó kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ kó tó gbàwé àṣẹ. Ọdún 1974 ni wọ́n bí mi. Ká ní ìyá mi tètè bí mi ní ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú ni, ẹ̀kọ́ yẹn ì bá má kàn mí! Bẹ́ẹ̀ ni èmi, ọmọ ọmọ ọdẹ, ṣe jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ́ mi ní ẹnu ìbọn àti ìdí ìbọn. Mo yege, mo sì sanwó. Wọ́n wá ní mo láyè láti pa àgbọ̀nrín 12 lọ́dún. Méjìlá! Inú mi dùn, àṣé ṣe ni wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò tíì pa ẹyọ kan, wọ́n ń ka méjìlá fún un.

Mo ní ó dáa, màá ra iná orí, màá wọgbó lálẹ́. Wọ́n ní háà, èèwọ̀! Ní Jọ́jíà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa àgbọ̀nrín lóru. Láti ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó yọ títí di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá wọ̀ ni òfin gbà. Ẹ bá mi rò ó wò. Òru làwọn baba wa ń ṣọdẹ, fìtílà lórí, kí ojú ẹran lè máa tàn yanran nínú òkùnkùn. Níbí, ọ̀sán gangan ni ọdẹ àti ẹran jọ ń wo ara wọn bí aládùúgbò. Wọ́n tún ní tó bá ti di àsìkò ìbọn, àfi kí n wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn bí iná mọ́tò, tó gbọ́dọ̀ tó ínǹṣì onígun mẹ́rin 500 lókè ìbàdí. Bẹ́ẹ̀ mo ti ra aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ní yóò fi mí pamọ́! Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àgbọ̀nrín kì í dá àwọ̀ ọsàn mọ̀. Tí kì í bá dá a mọ̀, kí ni mo wá ra aṣọ ewé fún? Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Ẹ jẹ́ á padà sórí ẹ̀gùn, òun gan-an ló fẹ́ gbẹ̀mí mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti pẹ́ níbí ní oríṣi mẹ́rin ló wà. Ó ní èyí tó ní àkàbà lára kì í ṣòro gùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó wúwo bí òkú ẹṣin, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń gbé e dìde. Níbo ni màá ti rí ènìyàn mẹ́ta? Gbogbo ọmọ Yorùbá tí mo mọ̀ ní Jọ́jíà, bí mo bá pè wọ́n, ibi iṣẹ́ ni wọ́n wà. Bí wọn ò bá sí níbi iṣẹ́, wọ́n ń sùn kí wọ́n lè lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìwọ fúnra rẹ lo máa ń wọ́ ọ gun igi díẹ̀díẹ̀ bíi kòkòrò. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n igi tó gùn gbọọrọ tí kò ní ẹ̀ka nìkan ló lè gùn, bẹ́ẹ̀ igi óákù tí àgbọ̀nrín ń wá jẹ èso rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀ ju ìbátan olówó lọ. Ó ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò ní àga rárá: okùn fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń fi wé ìdí, tí ènìyàn á wá máa fì lára igi. Mo bojú wò ó dáadáa. Ẹ̀yin ará, ọjá ni! Ọjá ìpọnmọ! Èmi ọkùnrin, bàbá ìbejì, kí igi pọ̀n mí?

Bí mo ṣe mú ẹlẹ́ẹ̀kẹrin nìyẹn, èyí tí wọ́n ń so kọ́ ara igi.

Mo dé ilé ìtajà. Mo rí ọ̀kan tó jẹ́ irin, 80 dọ́là. Mo rí ọ̀kan tó jẹ́ alumíníọ́mù, ó lé ní 300 dọ́là. Mo gbé onírin, ọrùn mi fẹ́ wọnú àyà. Mo gbé alumíníọ́mù, ó fúyẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Mo bi ọmọ tó ń tajà pé èwo ló nípọn jù, ó ní onírin. Èwo ló tóbi jù? Onírin. Kí ló dé tí kékeré tí kò wúwo fi gbówó lórí ní ìlọ́po mẹ́rin? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní torí pé kò wúwo ni. Ẹ gbọ́! Lọ́jà Bódìjà, bí ẹran bá kéré, owó rẹ̀ á kéré. Níbí, bí wọ́n ṣe ń yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀ ni owó ń gorí owó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀ tán pátápátá, ó dájú pé mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n máa tà á.

Ọmọ yẹn wá gbójú sókè, ó sì la ohùn bí ẹni ń polówó àkàrà, pé, "Ọ̀gá, kí lẹ tẹ̀wọ̀n?"

Gbogbo ilé ìtajà dákẹ́. Ìyá arúgbó kan tó ń wo ìbọ̀sẹ̀ yíjú padà. Mo rọra sọ ọ́ lábẹ́ ohùn. Ó ní òun ò gbọ́! Mo ní 271 pọ́n-ùn, mo ní tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ síta. Ó ní ìwọ̀n tí àga náà lè gbé kò ju 300 lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara mi nìkan ni wọ́n ń kà, àti aṣọ, àti ìbọn, àti gbogbo ẹrù tó bá bá mi gòkè. Mo délé, mo gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n: aṣọ òtútù àti bàtà 14, ìbọn 8, àpò mi 9. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. 302! Pọ́n-ùn méjì ni mo fi kọjá. Ìyàwó mi tú àpò náà wò, ó bá mọ́ínmọ́ín mẹ́fà àti fìláàsì tíì níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ yọ mọ́ínmọ́ín yẹn kúrò." Mọ́ínmọ́ín ni ó yẹ kí n yọ àbí ìbọn? Ẹ̀yin ẹ bá mi dá sí i! Ènìyàn lè wà nínú igbó láìsí ìbọn, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, ìrìn afẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ta ló lè wà nínú òtútù láìjẹun láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú?

Mo fi mọ́ínmọ́ín mẹ́ta sílẹ̀, mo padà lọ ra onírin. Mo délé, mo tú páálí. Mo wá àkàbà títí, kò sí. Mo padà lọ bi wọ́n. Wọ́n ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, igi irin mẹ́rin tí wọ́n ń dè mọ́ ara igi léraléra, ọgọ́rùn-ún dọ́là ó lé. Ṣùgbọ́n, ẹ fetí sílẹ̀ o, okùn tí wọ́n ń wọ̀ sára bí ẹ̀wù, tí yóò gbá ènìyàn mú tó bá já bọ́, ìyẹn wà nínú páálí lọ́fẹ̀ẹ́! Ohun tí màá fi gòkè, kò sí. Ohun tí màá fi já bọ́, wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn. Ṣé wọ́n ti mọ nǹkan kan nípa mi ni?

Okùn náà fúnra rẹ̀, ẹ má bi mí. Apá wọ ojú ihò itan, itan wọ ojú ihò apá, orí wọ ibi tí ihò kankan kò sí. Nígbà tí mo fi rí i wọ̀ tán, àwọn ìbejì mi ń sá, wọ́n rò pé egúngún ló jáde. Mo sì rí i kà lára rẹ̀ pé ọdún márùn-ún ni ẹ̀mí rẹ̀, lẹ́yìn èyí kí n sọ ọ́ nù. Okùn tó wà nínú àpótí, tí kò ṣe nǹkan kan, ó ń darúgbó! Ṣùgbọ́n mi ò fi í ṣeré o, torí pé orí igi ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ti ń já bọ́ nílẹ̀ yìí ju kí ìbọn bá wọn lọ. Ẹ máa so ó mọ́ igi látìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo dá mọ̀ nínú gbogbo ẹrù náà ni okùn tí wọ́n ń yí ká igi àti ìbàdí kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́ lókè. Igbà ni! Igbà akọ̀pẹ gan-an! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tí mo rí i. Wọ́n ń tà á.

Igi wá kù. Ẹni tó ni ilẹ̀ ní mi ò gbọ́dọ̀ kan ìṣó kankan mọ́ igi páìnì òun, torí ilé ìlagi lòun máa tà á sí, ìṣó á sì ba ayùn jẹ́. Ó dáa. Ìwé tó bá àga wá ní igi náà kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju ínǹṣì mẹ́sàn-án lọ, kò gbọ́dọ̀ ti kú, kò gbọ́dọ̀ wọ́. Mo wá igi bí ẹni wá ìyàwó. Èyí tó tọ́, kò sanra. Èyí tó sanra, ó ti gbẹ. Èyí tó ní gbogbo ìwà rere, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ òórùn mi lọ bá àgbọ̀nrín gan-an ló dúró sí. Ẹran yẹn ń gbóòórùn ju ọlọ́pàá lọ! Wọ́n ní kí n fi ọṣẹ tí kò ní òórùn wẹ̀, kí n fi fọ aṣọ. Mo ṣe é. Ìyàwó mi fọ irú lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ pé, mo jí ní aago mẹ́rin ìdájí, mo gbé irin lẹ́yìn, mo so àkàbà mẹ́rin mọ́ ọn, wọ́n ń dún wọnranwọnran bí agogo ilé ẹ̀kọ́, mo ń kọsẹ̀, mo ń làágùn nínú òtútù, iná orí mi ń kú ń jí, mo dé ìdí igi, mo wé igbà, mo gun àkàbà kìíní, mo gun èkejì, èèpo páìnì ń ya lulẹ̀ sí mi lójú, oje rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo fi okùn fa àga sókè, mo fi orúnkún tì í, mo fi eyín di okùn rẹ̀ mú, mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń bẹ Ògún, mo ń bẹ igi, mo fún okùn náà títí tó fi le koko, mo sọ̀ kalẹ̀ sórí pèpéle, mo fa ìbọn sókè láìkì í, mo kì í tán, ilẹ̀ sì mọ́, èmi nìyí ní ẹsẹ̀ bàtà 18 lókè, mo yè!

Mo jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí méjì. Àgbọ̀nrín kan yọ. Ìwo lórí bí ẹ̀ka igi! Ọkàn mi ń lù kìkìkì. Mo rọra tẹ̀ síwájú láti gbé ìbọn, mo kàn tẹ̀ díẹ̀ báyìí ni o, ìdí àga náà sì ké.

*Kéénn.*

Àgbọ̀nrín gbójú sókè. Ó wò mí lójú korokoro pẹ̀lú gbogbo aṣọ ọsàn mi. Ó na ìrù funfun yẹn sókè bí ẹni ju aṣọ ìnujú sí mi pé ó dàbọ̀, ó sì wọgbó lọ. Mo padà lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lásìkò náà. Mo fún okùn, ó ké. Mo fi aṣọ sáàárín irin àti irin, ó ké. Mo fi epo pupa kùn ún, ìyàwó mi ké, irin náà sì ké.

Wọ́n ní tí àsìkò bá parí, kí n tú u kúrò lára igi, torí igi ń dàgbà, yóò fa okùn náà já. Igi náà ò fẹ́ mi! Mo tú u. Mo so ó mọ́ igi kan lẹ́yìnkùlé wa, ní ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀, láti wá ibi tó ti ń ké rí.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo jáde síta, mo bá ìyàwó mi lórí rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ lé pèpéle, abọ́ wà lórí itan rẹ̀, ó ń já ẹ̀fọ́. Ó ń fì síwájú, ó ń fì sẹ́yìn, ó ń korin. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ò sọ fún mi pé àga yìí dára tó báyìí."

Mo dúró síbẹ̀, mo fetí sílẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú láti mú ọ̀bẹ. Ó tẹ̀ sẹ́yìn. Ó dìde, ó tún jókòó wùú.

Ẹ̀yin ará, kò ké!