Òṣómàáló Orí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará Ìmẹ̀sí-Ilé, ẹ bá mi bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Yóò ní "tech" ni. Láti àárọ̀ ló ti nasẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lórí itan, ó ki íápíìsì sí etí méjèèjì. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá fà díẹ̀ báyìí, ó ti pòṣé. Mo ní, "Ìwọ, ọmọ ọmọ òṣómàáló!" Ó yọ íápíìsì kan: "Bàbá, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Orí mi wú. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló ń bi mí o! Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, ó ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní òṣó lòun ó ló títí òun ó fi gbowó òun. Òjò rọ̀, ó lóṣòó. Wọ́n gbé iyán kalẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó tún lóṣòó. Onígbèsè ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀.

Òṣómàáló wà nídìí kọ̀ǹpútà pàápàá: Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníkẹ̀ẹ́ Ọ̀ṣọ́fisan tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn ni mo fẹ́ bá ṣàwàdà lónìí. Ará Òṣogbo, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n bí wọn sí lọ́dún 1950. Ṣùgbọ́n Holy Trinity School, Omofe, ní Iléṣà, ni wọ́n ti kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àrùn òṣómàáló ti ràn wọ́n, kò sì gbóògùn títí dòní.

Wọ́n kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀, wọ́n sọdá sí Georgia Tech ní Atlanta, wọ́n gba oyè másítà ní 1979. Èmi ìbá ti ra àga onítìmùtìmù. Ìyá wa tún padà sí Ifẹ̀, wọ́n lọ lóṣòó fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ní 1987, ìjọba pa orúkọ ilé-ìwé dà mọ́ wọn lórí, ó di ti Awólọ́wọ̀. Wọn ò dìde. 1989 ni ilé-ìwé san gbèsè, wọ́n sì di obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, iṣẹ́ olùkọ́ ṣì ń lọ ní Pólì Ìbàdàn, láti 1979 di 1999. Ẹ dákun, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ogun Kíríjì tí àwa Ìmẹ̀sí fi ń yangàn, tí Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ síbí, tí Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbájọ, ọdún 16 péré ni, 1877 sí 1893. Ogun pàápàá mọ ìgbà tó yẹ kó re ilé!

Ẹ má sì rò pé kọ̀ǹpútà ìgbà tí ìyá wa bẹ̀rẹ̀ dà bíi ti orí itan ọmọ yìí. Káàdì ni wọ́n ń lu ihò sí: ìlà ètò kan, káàdì kan, àyè 80 péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wàá di káàdì rẹ bí ìdì aṣọ, wàá gbé e fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, á ní o padà wá lọ́la. Tó o bá dé lọ́la, wọ́n á na bébà sí ọ: kọ́má kan ló sọnù. Bí ìdì náà bá wá tú mọ́ ọ lọ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn ńkọ́? Háà.

Mo tiẹ̀ káàánú ilé wọn. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, ọkọ wọn, òǹkọ̀wé eré ìtàgé ni. Òṣèré tó gbàgbé ọ̀rọ̀ á fi ẹ̀rín bò ó, kọ̀ǹpútà kì í rẹ́rìn-ín. Ta ni wọ́n jọ ń rojọ́ fún?

Irú ìyá wa wà lókè òkun. Donald Knuth, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwé kan ní 1962, ó ṣì ń kọ ọ́. Láti 1990 ni kò ti lo ímeèlì mọ́. Títí di 2008, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àṣìṣe nínú ìwé rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀kì dọ́là 2.56 ló máa ń kọ fún un. Ibi tí òyìnbó ti ṣìnà nìyẹn: òṣómàáló wo ló ń sanwó fún ẹni tó bá rí ihò lára aṣọ rẹ̀?

Bí mo ṣe dé ibí yìí ni iná lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ní òun ń lọ sùn. Mo ní kó lóṣòó dè é. Ó ló o, ìṣẹ́jú méjì kò pé, ó ní, "Bàbá, orúnkún ń dùn mí."